Ta Ló Ni Ìròyìn, Ta Ló Ni Iṣẹ́? Ìdáhùn sí Ìbéèrè Àwọn Oníròyìn lórí Òfin Kọ́píráìtì

Láti ìgbà tí a ti kéde pé abala ìbéèrè àti ìdáhùn oṣù yìí yóò dá lórí òfin tí ó dáàbò bo iṣẹ́ ọpọlọ, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí kọ́píráìtì, lẹ́tà tí ó wọlé ti ju èyí tí ojú ìwé wa lè gbà lọ. Mo yan mẹ́fà nínú wọn, nítorí pé àwọn ni wọ́n kan iṣẹ́ oòjọ́ àwọn akọ̀ròyìn, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ àti ayafọ́tò gbọ̀ngbọ̀n. Òfin tí mo ń tọ́ka sí jù ni Òfin Kọ́píráìtì ti ọdún 2022, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní oṣù kẹta ọdún 2023, tí ó sì rọ́pò èyí tí a ti ń lò bọ̀ láti ọdún 1988. Ẹni tí ó bá ṣì ń fi òfin àtijọ́ dá ara rẹ̀ lójú ní láti tún ọ̀rọ̀ wò, pàápàá bí iṣẹ́ rẹ̀ bá wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Akọ̀ròyìn orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mí ní Ìbàdàn. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, ìwé ìròyìn kan gbé e jáde pé wọ́n ti ọjà kan pa nítorí ìjà àwọn awakọ̀ àti àwọn alábàárù. Mo kọ ìròyìn náà sí ojú ìkànnì tiwa. Olóòtú ìwé ìròyìn yẹn wá pè mí, ó ní mo jí ìròyìn òun. Ṣé ẹnì kan lè ni ìròyìn ni?

ÌDÁHÙN: Kò sí ẹni tí ó ni ìròyìn. Pé wọ́n ti ọjà pa, pé ìjà ṣẹlẹ̀, ọjọ́ àti wákàtí tí ó ṣẹlẹ̀, iye ènìyàn tí ó fara gbọgbẹ́, ẹni tí ó pàṣẹ pé kí wọ́n ti ọjà: ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni gbogbo ìwọ̀nyí, ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ ọ́ kò sì lè torí bẹ́ẹ̀ sọ ọ́ di tirẹ̀. Òfin wa kò dáàbò bo èrò, ìlànà, àwárí tàbí dátà lásán. Àdéhùn Berne, tí ó so òfin kọ́píráìtì orílẹ̀-èdè púpọ̀ pọ̀, tí Nàìjíríà sì wọ̀ ní ọdún 1993, là á mọ́lẹ̀ pé ààbò òun kò kan ìròyìn ojoojúmọ́ àti ìṣẹ̀lẹ̀ tí kò ju ọ̀rọ̀ ìfitónilétí inú ìwé ìròyìn lọ.

Ohun tí ènìyàn lè ni ni ọ̀rọ̀ tí ó fi sọ ìṣẹ̀lẹ̀ náà, bí ó ṣe to gbólóhùn rẹ̀, ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn, ohun tí ó fi ojú ara rẹ̀ rí tí ó sì fi ọ̀rọ̀ yà fún òǹkàwé. House of Lords, tí ó jẹ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, dá ẹjọ́ kan ní ọdún 1900 tí ó yẹ kí gbogbo akọ̀ròyìn mọ̀. Àwọn akọ̀ròyìn ìwé ìròyìn The Times lọ síbi tí olóṣèlú kan tí ń jẹ́ Lord Rosebery ti ń sọ̀rọ̀ ní gbangba, wọ́n gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe ń já bọ́ lẹ́nu rẹ̀, wọ́n tò ó, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Òǹtẹ̀wé kan tí ń jẹ́ John Lane wá kó àwọn ìròyìn náà jọ, ó fi ṣe ìwé. Ẹnu Lord Rosebery ni ọ̀rọ̀ ti jáde, kì í ṣe ẹnu akọ̀ròyìn, síbẹ̀ ilé ẹjọ́ sọ pé ìròyìn tí àwọn akọ̀ròyìn fi òógùn ojú wọn gbà sílẹ̀ ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀, Lane kò sì lè dà á kọ. Bí Lane bá ti rán ẹni tirẹ̀ lọ síbẹ̀ láti gba ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, kò sí ẹni tí ì bá mú un.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ bi yín ni pé, báwo ni ẹ ṣe kọ ọ́? Bí ó bá jẹ́ pé ẹ ka ìròyìn náà tán, ẹ pe ìyálọ́jà tàbí agbẹnusọ ọlọ́pàá, ẹ sì fi ọ̀rọ̀ tiyín kọ ohun tí ẹ gbọ́, olóòtú yẹn kò ní ẹjọ́ kankan lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá da tirẹ̀ kọ, tí ẹ kàn pààrọ̀ “sọ” sí “ṣàlàyé”, tí ẹ sì gbé ìpínrọ̀ kẹta sí ipò kejì, iṣẹ́ oníṣẹ́ ni ẹ mú. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú pé ìwé ìròyìn wo ni ó kọ́kọ́ gbé e jáde. Òfin kò fi èyí ṣe dandan níbi tí ó bá jẹ́ ìṣẹ̀lẹ̀ nìkan ni ẹ mú, àmọ́ ẹni tí ó dúró nínú oòrùn ní ẹnu ọjà kí ìròyìn tó jáde yẹ kí á dárúkọ rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n wa, mo kí yín. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ni mí ní Àkúrẹ́. Láràárọ̀ ni mo máa ń ka ìwé ìròyìn fún àwọn olùgbọ́ fún wákàtí kan, tí mo sì ń túmọ̀ àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ sí Yorùbá. Mo máa ń dárúkọ ìwé ìròyìn tí mo ti mú un. Ẹnì kan sọ pé mo ń rú òfin. Ṣé òótọ́ ni? Àwọn àgbà ti ń ṣe irú ètò yìí kí wọ́n tó bí mi.

ÌDÁHÙN: Mo mọ ètò yìí dáadáa, mo sì mọ ìwúlò rẹ̀. Ìyá tí ń dín àkàrà láàárọ̀, tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tí kò sì ní owó ìwé ìròyìn, ẹ̀yin ni ó fi ń mọ ohun tí ìlú ń sọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ fara balẹ̀ dá yín lóhùn.

Apá 20 nínú òfin náà fàyè gba ohun tí a lè pè ní ìlò tí ó bá ẹ̀tọ́ mu. Ó ní oníṣẹ́ kò lè dí ènìyàn lọ́wọ́ bí ó bá lo iṣẹ́ náà fún lámèyítọ́, fún àgbéyẹ̀wò tàbí fún ìròyìn ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́, níwọ̀n ìgbà tí ìlò náà bá tọ́, tí wọ́n sì dárúkọ iṣẹ́ náà àti ẹni tí ó ṣe é níbi tí ó bá ti ṣeé ṣe. Ẹ̀yin ti ń dárúkọ. Ṣùgbọ́n dídárúkọ nìkan kọ́ ni òfin bèèrè, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ṣìnà. Ẹni tí ó wọ oko olóko, tí ó wa iṣu rẹ̀, tí ó wá ń sọ fún gbogbo ọjà pé oko lágbájá ni òun ti wà á, kò tíì san owó iṣu.

Òfin ní kí adájọ́ wo ohun tí wọ́n fi iṣẹ́ náà ṣe àti irú iṣẹ́ tí ó jẹ́; kí ó wo bí ohun tí wọ́n mú nínú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó àti bóyá òun gan-an ni ọkàn iṣẹ́ náà; kí ó sì wo ìpalára tí ìlò náà lè ṣe fún ọjà iṣẹ́ náà. Èyí tí ó kẹ́yìn yìí ni kí ẹ fi sọ́kàn nígbà tí ẹ bá jókòó sí iwájú gbohùngbohùn. Bí ẹni tí ó gbọ́ ètò yín bá lè sọ pé kí ni òun tún fẹ́ fi ìwé ìròyìn ṣe nígbà tí ẹ ti kà á tán fún òun, ẹ ti gba ọjà lọ́wọ́ ẹni tí ó kọ ọ́, ẹ sì ti fi ọjà náà gba ìpolówó tiyín. Bí ohun tí ẹ sọ bá mú kí ó fẹ́ lọ wá ìwé ìròyìn náà kà, ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Kì í sì í ṣe iye ọ̀rọ̀ nìkan ni wọ́n ń kà. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí òfin tiwọn náà ti ní òṣùwọ̀n mẹ́rin tí ó jọ èyí, ìwé ìròyìn The Nation rí ìwé tí Ààrẹ tẹ́lẹ̀ rí, Gerald Ford, kọ nípa ìgbésí ayé rẹ̀ ní ọdún 1979 kí ó tó jáde. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n dà kọ gan-an nínú rẹ̀ kò ju nǹkan bí 300 lọ, nínú ìwé tí ó tó 200,000 ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n inú ibi tí Ford ti ṣàlàyé ìdí tí ó fi dárí ji Richard Nixon, Ààrẹ tí ó ṣáájú rẹ̀, ni wọ́n ti mú un, ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ì bá torí rẹ̀ ra ìwé náà. Ìwé ìròyìn Time, tí ó ti ṣàdéhùn láti kọ́kọ́ gbé apá kan ìwé náà jáde, fagi lé àdéhùn, kò sì san 12,500 dọ́là tí ó kù. Ní ọdún 1985, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà dá The Nation lẹ́bi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìròyìn ni wọ́n ní àwọn ń ṣe.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ akọ̀ròyìn, mo lo ọjọ́ mẹ́rin ní abúlé kan tí àgbàrá ti gbé afárá wọn lọ. Àṣìṣe kan wọ inú ìròyìn tí mo kọ: mo pe baálẹ̀ abúlé náà ní ọba. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí ó jáde, mo wà nínú mọ́tò, awakọ̀ tan rédíò, ni mo bá ń gbọ́ ìròyìn mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ní èdè Yorùbá, “ọba” yẹn sì jókòó síbẹ̀ bí mo ṣe fi sílẹ̀. Wọn kò dé ibi afárá, wọn kò pe ẹnikẹ́ni ní abúlé náà, nítorí ẹni tí ó bá pè wọ́n yóò ti mọ̀ pé baálẹ̀ ni wọ́n ní. Ó dùn mí dọ́kàn. Mo ń sọ ọ́ fún yín kí ẹ lè mọ̀ pé kò nira láti fi hàn pé ènìyàn da iṣẹ́ kọ; àṣìṣe oníṣẹ́ tí ó bá ẹ̀dà lọ ti tó ẹ̀rí. Ẹ má sì rò pé ìtumọ̀ ni yóò gbà yín sílẹ̀, torí pé àṣẹ láti túmọ̀ iṣẹ́ sí èdè mìíràn wà lára ẹ̀tọ́ oníṣẹ́.

Ẹ máa ka àkọlé, ẹ fi gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta tiyín sọ ohun tí ó wà nídìí rẹ̀, ẹ yọ gbólóhùn kan tí ó bá ṣe kókó kà bí wọ́n ṣe kọ ọ́, kí ẹ wá fún àwọn olùgbọ́ láyè láti pè wọlé. Bí ìròyìn kan bá tóbi, ẹ pe akọ̀ròyìn tí ó kọ ọ́ sórí fóònù kí ó sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Inú rẹ̀ yóò dùn, ètò yín yóò sì lárinrin ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí ẹ bá fẹ́ ka odidi, ẹ kọ lẹ́tà gba àṣẹ. Pé àwọn àgbà ti ń ṣe é bọ̀ kò sọ ọ́ di ẹ̀tọ́. Ohun tí ó kàn jẹ́ ni pé ẹnikẹ́ni kò tíì pè wọ́n lẹ́jọ́.

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá mi, obìnrin ayafọ́tò ni mí ní Òṣogbo. Mo ya fọ́tò iná tí ó jó àwọn ìsọ̀ kan ní òru, mo sì gbé e sórí Facebook pẹ̀lú orúkọ mi ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìwé ìròyìn méjì ti lò ó. Ọ̀kan gé orúkọ mi kúrò, ó kọ “fọ́tò: íntánẹ́ẹ̀tì” sí i. Nígbà tí mo pè wọ́n, wọ́n ní ohun tí ènìyàn bá ti gbé sí gbangba ti di ti gbogbo ayé. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

ÌDÁHÙN: Rárá o, arábìnrin mi. Fọ́tò yín ṣì jẹ́ tiyín. Kò sí fọ́tò tí íntánẹ́ẹ̀tì yà rí. Ènìyàn ni ó jí lóru, tí ó gbé ẹ̀rọ dání lọ síbi èéfín. Ẹni tí ó fi aṣọ rẹ̀ sá sí ìta gbangba kò ní kí ẹni tí ń kọjá ká a lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí ti dé ilé ẹjọ́ rí. Nígbà tí ilẹ̀ ríri ba ìlú Port-au-Prince ní Haiti jẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2010, ayafọ́tò ọmọ ibẹ̀ kan, Daniel Morel, gbé fọ́tò tí ó yà sórí Twitter. Ẹlòmíràn dà á kọ bí ẹni pé tirẹ̀ ni. Ilé iṣẹ́ ìròyìn Agence France-Presse mú un lọ́dọ̀ onítọ̀hún, ó sì ti ọwọ́ Getty Images, ilé iṣẹ́ tí ń ta fọ́tò, tà á káàkiri ayé. Wọ́n sọ ní ilé ẹjọ́ pé ìlànà Twitter ló fún àwọn láṣẹ. Ilé ẹjọ́ ní New York kò gbà; ní ọdún 2013, àwọn ìgbìmọ̀ tí ó gbọ́ ẹjọ́ náà ní kí wọ́n san 1.2 mílíọ̀nù dọ́là fún Morel.

Àwọn tí wọ́n lo fọ́tò yín lè sọ pé ìròyìn ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ ni àwọn ń ṣe. Ní Britain, àwáwí yìí kò ní dé ibi kankan, nítorí pé òfin wọn ti ọdún 1988 yọ fọ́tò kúrò pátápátá nínú ìlò fún ìròyìn ohun tí ń ṣẹlẹ̀. Òfin tiwa kò yọ ọ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ fi òṣùwọ̀n tí mo sọ lókè wọ̀n ọ́n: odidi fọ́tò ni wọ́n mú, kì í ṣe díẹ̀ nínú rẹ̀, ilé iṣẹ́ ìròyìn sì ni ọjà tí ayafọ́tò ìròyìn ń tà sí. Bí ilé iṣẹ́ ìròyìn bá mú un lọ́fẹ̀ẹ́, ta ló kù tí yóò rà á? Ibi tí ọ̀rọ̀ ti lè yàtọ̀ ni ibi tí fọ́tò fúnra rẹ̀ bá di ìròyìn, bí àpẹẹrẹ tí àwọn ènìyàn bá ń jiyàn pé ayédèrú ni, tí ìwé ìròyìn sì fi í hàn kí òǹkàwé lè rí ohun tí wọ́n ń jiyàn lé lórí. Ti orúkọ tí wọ́n gé kúrò tún jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ ní ẹ̀tọ́ pé kí wọ́n mọ̀ yín mọ́ iṣẹ́ yín, òfin tuntun sì tún fòfin de ẹni tí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ yọ àmì tí ó fi oníṣẹ́ hàn kúrò lára iṣẹ́ orí ẹ̀rọ.

Ẹ má ṣe pa fọ́tò àkọ́kọ́ tí ó wà nínú ẹ̀rọ yín rẹ́, torí pé ọjọ́ àti wákàtí tí ẹ yà á wà nínú rẹ̀. Ẹ ya àwòrán ojú ìwé tí wọ́n ti lò ó kí wọ́n tó yọ ọ́. Ẹ kọ lẹ́tà sí wọn pẹ̀lú iye tí ẹ máa ń ta fọ́tò, kí ẹ dá ọjọ́ fún wọn. Bí wọ́n bá kọ̀, ọ̀dọ̀ àjọ tí ń rí sí kọ́píráìtì ní Nàìjíríà tàbí Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ni ó kàn. Kò sí dandan pé kí ẹ ti forúkọ fọ́tò náà sílẹ̀ níbì kan kí ó tó di tiyín. Láti ìgbà tí ẹ ti tẹ ẹ̀rọ ni ó ti jẹ́ tiyín, yóò sì jẹ́ bẹ́ẹ̀ títí di 50 ọdún lẹ́yìn ọdún tí ó kọ́kọ́ jáde.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé mo lè tẹ odidi òfin tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe jáde nínú ìwé ìròyìn wa, kí n sì túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá?

ÌDÁHÙN: Ẹ lè ṣe é láìbi ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ òfin àti ìwé àṣẹ ìjọba kò sí lábẹ́ kọ́píráìtì, nítorí pé ẹni tí òfin yóò mú gbọ́dọ̀ lè kà á. Ìwé tí agbẹjọ́rò kan kọ láti ṣàlàyé òfin náà kò sí lára ìyẹn, tirẹ̀ ni. Ìtumọ̀ Yorùbá tí ẹ̀yin fúnra yín bá ṣe, tiyín ni òun náà, mo sì rọ̀ yín kí ẹ ṣe é.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú ìgbìyànjú. Láti Abẹ́òkúta ni mo ti ń ṣe àgbéyẹ̀wò fíìmù Yorùbá lórí YouTube. Fídíò mi kan jẹ́ ìṣẹ́jú 12, mo sì fi ìṣẹ́jú àáyá 40 láti inú fíìmù kan hàn níbi tí mo ti ń sọ pé ìtàn náà kò dúró dáadáa. Ẹni tí ó ṣe fíìmù náà fi ẹjọ́ sùn, wọ́n sì yọ fídíò mi. Ṣé kí n gba kámú ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ má gba kámú. Lámèyítọ́ àti àgbéyẹ̀wò wà lára ohun tí òfin dárúkọ gan-an, ní Nàìjíríà àti ní Amẹ́ríkà tí YouTube fìdí kalẹ̀ sí. Ìṣẹ́jú àáyá 40 nínú odidi fíìmù, tí ẹ sì ń sọ̀rọ̀ lé e lórí, kò gba ipò fíìmù náà. Bí àgbéyẹ̀wò yín bá lé òǹwòran sá, ìyẹn kọ́ ni ìpalára tí òfin ń wí. Ìpalára tí ó ń wí ni kí ènìyàn wo fídíò yín tán kí ó sì ti wo fíìmù náà, kì í ṣe kí ó gbọ́ pé fíìmù náà kò dára.

Òfin wa ní kí ilé iṣẹ́ tí ń gbé iṣẹ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì fi tó ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn létí, ó sì fún un ní ọjọ́ 10 láti sọ ìdí tí iṣẹ́ náà fi yẹ kí ó wà níbẹ̀. Ẹni tí ó bá dákẹ́, wọn yóò yọ tirẹ̀. Lórí YouTube, òfin Amẹ́ríkà ti ọdún 1998 ni wọ́n ń tẹ̀ lé, òun náà sì fàyè gba lẹ́tà àtakò. Ẹ kọ ọ́ ní ìrọ̀rùn: ìṣẹ́jú wo ni ẹ ti fi fíìmù hàn, kí ni ẹ sọ lé e lórí, kí ló dé tí ẹ kò fi lè sọ ọ́ láìfi í hàn. Kí ohun tí ẹ kọ jẹ́ òtítọ́, torí pé ìbúra wà lórí lẹ́tà náà. Ṣáájú ìgbà náà, ẹ tún gbọ́ ìṣẹ́jú àáyá 40 yẹn dáadáa: bí orin bá ń dún lábẹ́ rẹ̀, orin náà ní ẹni tirẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé òun ni ó fẹjọ́ sùn, kì í ṣe ẹni tí ó ṣe fíìmù.

ÌBÉÈRÈ: Mo lọ ṣe ìròyìn ọdún Ògún ní abúlé kan nítòsí Ògbómọ̀ṣọ́, mo sì gba ohùn bàbá ọdẹ kan sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sun ìjálá, ó tó ìṣẹ́jú 35. Mo ti lo díẹ̀ nínú ìròyìn mi. Ilé iṣẹ́ kan wá fẹ́ ra gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ mi láti fi ṣe àwo. Ìjálá kò sáà ní ẹni tí ó kọ ọ́. Ṣé mo lè tà á?

ÌDÁHÙN: Èyí tí ẹ lò nínú ìròyìn kò ní ìyọnu. Títà ni kí ẹ dá dúró ná. Òtítọ́ ni pé ẹnikẹ́ni kò mọ ẹni tí ó kọ́kọ́ sun ìjálá, àmọ́ òfin wa dáàbò bo àṣà àbáláyé lọ́nà tirẹ̀: ẹni tí ó bá fẹ́ fi í pawó kúrò ní ibi tí àṣà náà ti wà gbọ́dọ̀ gba àṣẹ, ibikíbi tí a bá sì ti tẹ̀ ẹ́ jáde tàbí gbé e sáfẹ́fẹ́, kí a dárúkọ ìlú tàbí àwùjọ tí ó ti wá. Yàtọ̀ sí èyí, bàbá náà fúnra wọn ní ẹ̀tọ́ gẹ́gẹ́ bí òṣèré. Ohùn wọn ni, mímí wọn ni, ọ̀nà tí wọ́n gbà ki ẹran àti igi ní ọjọ́ yẹn, ẹlòmíràn kò lè kì í bẹ́ẹ̀. Gbígbà tí wọ́n gbà pé kí ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀ fún ìròyìn kì í ṣe gbígbà pé kí ẹ fi í ṣe àwo.

Ẹ padà lọ sí abúlé náà. Ẹ kọ àdéhùn ní èdè Yorùbá, torí pé òfin ní gbígbé irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀ fún ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ sílẹ̀. Ẹ kà á sétígbọ̀ọ́ bàbá àti ọmọ wọn kan tí ó mọ̀wé, kí iye tí ilé iṣẹ́ náà fẹ́ san hàn nínú rẹ̀, pẹ̀lú ìpín ti bàbá, ti abúlé àti tiyín, kí wọ́n tó tẹ̀ka sí i. Orúkọ bàbá àti ti abúlé náà ni kí ó wà lójú àwo ṣáájú orúkọ tiyín.